A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí

Ọdún kan kì í lọ kí ìròyìn má jáde láti ibì kan ní ilẹ̀ Nàìjíríà, tàbí láti orílẹ̀-èdè tí ó múlé gbè é, pé ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ ńlá kan fẹ́ kọ́ ilé tuntun sí abúlé kan. Nígbà mìíràn, ìsédò ni ó fa ọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn, èbúté ni, tàbí ọ̀nà ọkọ̀, tàbí olú-ìlú tuntun. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ibùgbé fún àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń wá. Ìròyìn a máa sọ iye ilé, a máa sọ iye owó, a sì máa sọ oṣù tí iṣẹ́ yóò parí. Ohun kan ni kì í sábà wọ inú ìròyìn náà: ta ni ó bi àwọn ará abúlé léèrè, nígbà wo ni ó sì bi wọ́n?

Àwọn àgbà Yorùbá ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Bí ó ti wù kí abẹ onígbàjámọ̀ mú tó, bí ó sì ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ yá tó, bí olórí kò bá sí níjòókòó, iṣẹ́ kò ṣeé ṣe. Síbẹ̀, nínú ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti fá orí náà dé ìdajì kí wọ́n tó ránṣẹ́ pe olórí, tí wọ́n wá ń bi í bóyá irú fífá yìí tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín kí a fi ọ̀rọ̀ lọ ènìyàn kí a tó ya àwòrán ilé, àti kí a pè é wá wo àwòrán tí a ti yà tán. Ti àkọ́kọ́ ni ó yẹ kí a máa pè ní ìfikùnlukùn. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, ìkéde lásán ni. Láti ọdún 1952 títí di òní, àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti san owó púpọ̀ nítorí pé wọn kò tètè rí ìyàtọ̀ yìí, àwọn ará abúlé sì ti san ju owó lọ.

Lójú ẹni tí ó jókòó sí ọ́fíìsì ní olú-ìlú, ilé ni ògiri mẹ́rin, òrùlé, ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Bí ó bá fi sìmẹ́ńtì rọ́pò amọ̀, tí ó sì fi páànù rọ́pò koríko, ó dá a lójú pé oore ni òun ṣe. Kò sì parọ́, nítorí páànù kì í gbiná bí koríko, ògiri sìmẹ́ńtì kì í sì í tètè wó nínú òjò. Ṣùgbọ́n lójú ará abúlé, ilé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbàlá wà nínú ilé, níbi tí àwọn obìnrin ti ń gún oúnjẹ, tí wọ́n ti ń sá ọkà, tí àwọn ọmọdé sì ti ń ṣeré òṣùpá. Àká wà níbẹ̀, ibi tí ewúrẹ́ ń sùn wà níbẹ̀, ibi ìdáná tí èéfín rẹ̀ kò ní í wọ yàrá wà níbẹ̀. Ibojì àwọn baba kò jìnnà. Yàrá ọkọ yàtọ̀ sí ti aya, ti ìyálé sì yàtọ̀ sí ti ìyàwó. Ọmọkùnrin tí ó fẹ́ gbéyàwó lẹ́yìn ìkórè ti mọ igun tí òun yóò kọ́ yàrá tirẹ̀ sí. Kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí tí ẹ̀rọ awọnlẹ̀ lè fi han awọnlẹ̀. Ẹnu àwọn onílé nìkan ni ó ti lè gbọ́ wọn, kò sì lè gbọ́ wọn bí kò bá béèrè.

Àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ wá láti ilẹ̀ Gánà, nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Gold Coast. Tema, tí ó wà létí òkun ní ìlà-oòrùn Accra, jẹ́ abúlé àwọn apẹja tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà Ga. Ní ọdún 1952, ìjọba gba ilẹ̀ tí ó tó máìlì onígun mẹ́rin 64 ní agbègbè náà, láti kọ́ èbúté ńlá àti ìlú tuntun fún àwọn ilé-iṣẹ́. Ó sì dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó ilẹ̀ náà àti ilé tí wọn yóò kọ́ sórí rẹ̀. Abúlé àwọn apẹja bọ́ sí ojú ibi tí wọ́n ń fẹ́ fún èbúté. Wọ́n ní láti kó kúrò níbẹ̀.

Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀ Jane Drew, àwọn ayàwòrán ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn, ni wọ́n gbé iṣẹ́ abúlé tuntun náà fún. Wọn kì í ṣe àjèjì sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 1947, ìwé kan tí wọ́n kọ pẹ̀lú ẹlòmíràn ti jáde, èyí tí ó dá lórí bí a ti í kọ́ ilé sí abúlé ní ilẹ̀ olóoru. Wọ́n mọ̀ pé agbo ilé ni àwọn ará ibẹ̀ ń gbé, nítorí náà agbo ilé ni wọ́n yà sí ìwé: àwọn yàrá tí ó yí àgbàlá ká. Orúkọ tí ibùgbé tuntun náà ń jẹ́ ni Tema Manhean, èyí tí ó túmọ̀ sí ìlú tuntun ní èdè Ga.

Bí ó bá ṣe pé àwòrán tí ó dára ti tó, ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀. Kò parí. Àwọn ará Tema kọ̀, wọn kò ṣí nídìí. Ìpàdé ń gorí ìpàdé, ọdún ń gorí ọdún, títí di ọdún 1959 kí wọ́n tó kó lọ. Ọdún méje gbáko ti kọjá lẹ́yìn tí ìjọba ti gba ilẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ ronú jinlẹ̀ lè sọ pé agídí ni ó ń dà wọ́n láàmú. Ṣùgbọ́n òrìṣà wọn wà lẹ́bàá ọ̀sà, àwọn àwòrò sì mọ̀ pé a kì í gbé òrìṣà bí ẹni gbé àpótí. Òkun ni oko wọn, ẹ̀bá òkun sì ni ibi tí wọ́n ń fà ọkọ̀ wọn sí. Ilẹ̀ tí wọ́n jogún lọ́wọ́ baba wọn ti di ti ẹlòmíràn. Bí ilé tuntun yóò ti rí nìkan ni ó ṣì kù tí a lè bá wọn sọ. Àwọn ìbéèrè tí ó wúwo jù, ìyẹn ni bóyá kí wọ́n kúrò, ibi tí wọn yóò gbà lọ, àti ohun tí yóò tó wọn fún ilẹ̀ wọn, ìdáhùn wọn ti wà ní ọ́fíìsì kí ìbéèrè tó dé abúlé.

Wọ́n ṣí èbúté Tema ní ọdún 1962, ó sì wúlò fún Gánà títí di òní. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé kò yẹ kí wọ́n kọ́ ọ. Ohun tí ó yẹ kí gbogbo ìjọba rántí ni pé àsìkò tí wọn kò lò láti fi béèrè níbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n lò ní ìlọ́po lọ́nà àríyànjiyàn nígbẹ̀yìn.

Kò pẹ́ sí i tí Gánà gbé iṣẹ́ mìíràn dání tí ó ju ti Tema lọ. Ìsédò Akosombo lórí odò Volta ni. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilẹ̀ ní ọdún 1964, wọ́n sì ṣí ìsédò náà ní oṣù kìíní ọdún 1966. Adágún omi tí ó ti ibẹ̀ jáde fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 8,500, ọ̀kan nínú àwọn adágún àfọwọ́dá tí ó tóbi jù lọ ní ayé. Abúlé tí ó lé ní 700 ni ó bọ́ sábẹ́ omi, nǹkan bí 80,000 ènìyàn, ìyẹn ọ̀kẹ́ mẹ́rin, ni ó sì pàdánù ilé.

Ìgbìmọ̀ tí ó kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ odò Volta wò, tí ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1956, ti dá a lábàá pé kí ìjọba fi owó àti ohun èlò ran àwọn ará abúlé lọ́wọ́, kí àwọn fúnra wọn tún ilé wọn kọ́ bí wọ́n ti ń fẹ́. Ìmọ̀ràn yìí bá ìwà àwọn ènìyàn mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ ìsédò bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu, àkókò ti fún pinpin. Omi kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìjọba wá pinnu láti kọ́ ìlú tuntun 52 fún àwọn tí omi lé, kí wọ́n lè ní ilé-ìwé, omi tí ó mọ́ àti ọ̀nà tí ó dára.

Ó yẹ kí a fún ẹni tí ìyìn tọ́ sí ní ìyìn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn rìn láti abúlé dé abúlé, wọ́n ka iye ènìyàn, wọ́n sì béèrè ibi tí olúkúlùkù ń fẹ́ lọ àti àwọn tí ó fẹ́ bá gbé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì tẹ̀ lé ohun tí wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ilé gan-an, àwòrán ti jáde. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n parí fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ìpìlẹ̀ àti ààyè yàrá ìyókù ni wọ́n fi sílẹ̀, kí onílé fi ọwọ́ ara rẹ̀ parí rẹ̀ nígbà tí ó bá rí owó. Lójú ẹni tí ó ń ṣírò owó, ọgbọ́n ńlá ni èyí. Lójú baálé tí ó ní ìyàwó méjì, tí ọmọ rẹ̀ sì ń dàgbà, ìṣòro ni. Ọkọ àti aya tí kì í sùn sínú yàrá kan náà ní abúlé àtijọ́ wá di ẹni tí ń fún mọ́ ara wọn lábẹ́ páànù kan. Ẹni tí ó fi yàrá márùn-ún sílẹ̀ lábẹ́ omi, tí a fún ní yàrá kan lórí ilẹ̀, kò lè yé e bí ó ti jẹ́ pé oore ni a ṣe fún òun.

Owó tí wọn yóò fi parí ilé, inú oko ni ó yẹ kí ó ti wá. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ìlú tuntun náà, ilẹ̀ oko kò tíì ṣetán nígbà tí àwọn ènìyàn dé. Oúnjẹ ìrànlọ́wọ́ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń jẹ. Ní àwọn ibi tí wọ́n ti kó ará abúlé púpọ̀ jọ, ìjà oyè bẹ́ sílẹ̀: ta ni yóò jẹ́ olórí, lórí ilẹ̀ ta sì ni? Kí àwọn ọdún 1960 tó parí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ́ ilé fún ti fi ilé náà sílẹ̀. Àwọn kan lọ sí etí adágún láti máa pẹja, àwọn mìíràn wá ilẹ̀ oko lọ síbòmíràn. Ilé tí a kọ́ láìbéèrè bí onílé yóò ti jẹun kì í pẹ́ kí ó tó di ahoro.

Láti Gánà, ọ̀rọ̀ náà wọ ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ọdún 1964 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ìsédò Kainji, lórí Odò Ọya, wọ́n sì ṣí i ní oṣù kejì ọdún 1969. Adágún Kainji bo ìlú Bussa àtijọ́ mọ́lẹ̀, ìlú tí Mungo Park kú sí ìtòsí rẹ̀ ní ọdún 1806. Ó sì bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ abúlé ní ilẹ̀ Borgu àti Yauri. Nǹkan bí 44,000 ènìyàn ni wọ́n ní láti kó lọ síbòmíràn. New Bussa, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Niger lónìí, ni ó tóbi jù nínú àwọn ibùgbé tuntun tí wọ́n kọ́ fún wọn.

Àwọn tí ó wà nídìí ètò Kainji ní ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní odò Volta lójú. Wọn kò kọ́ yàrá kan kí wọ́n ní kí onílé wá ìyókù. Iye yàrá tí ó wà nínú agbo ilé àtijọ́ ni wọ́n kà, iye rẹ̀ náà ni wọ́n sì gbìyànjú láti fi dípò. Wọ́n jẹ́ kí ilé tuntun jọ irú èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀: agbo ilé tí ó ní ògiri yíká, tí àgbàlá wà láàárín rẹ̀, tí àlejò kò lè máa yọjú wo àwọn obìnrin ilé láti ìta. Nǹkan wọ̀nyí lè dà bí ohun kékeré. Kì í ṣe ohun kékeré lójú ẹni tí ó ń gbé inú rẹ̀. Nípa ti ilé, Kainji sàn ju Volta lọ, ohun tí ó sì mú un sàn ni pé wọ́n wo bí àwọn ènìyàn ti ń gbé kí wọ́n tó da sìmẹ́ńtì.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí wọn kò bi tán. Àwọn Gungawa, tí wọ́n ń gbé erékùṣù àti etí Odò Ọya, kò gbára lé oko òkè nìkan. Lọ́dọọdún, bí odò bá kún, tí ó sì tún fà, ilẹ̀ ọlọ́ràá a jáde, wọn a sì gbin àlùbọ́sà sí i. Oko àkùrọ̀ yìí ni ilé ìfowópamọ́ wọn. Nígbà tí adágún dé, ilẹ̀ náà lọ sábẹ́ omi, àwọn tí ó ní agbo ilé tuntun sì ní láti kọ́ ọ̀nà tuntun láti jẹun. Bí a bá bi àgbẹ̀ léèrè nípa ilé nìkan, ìdajì ọ̀rọ̀ ni a gbọ́. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi í ni pé: níbo ni ẹsẹ̀ rẹ ń gbà jáde kúrò nílé láàárọ̀, kí sì ni o ń gbé bọ̀ nírọ̀lẹ́?

Ẹ̀kọ́ mìíràn ti ilẹ̀ Nàìjíríà fúnra rẹ̀ wá láti Abuja. Ní ọdún 1976, ìjọba ológun ṣe òfin tí ó gba ilẹ̀ tí ó tó kìlómítà onígun mẹ́rin 8,000 láti ara Ìpínlẹ̀ Niger, Plateau àti Kwara, láti fi ṣe olú-ìlú tuntun. Èrò tí ó kọ́kọ́ wà nílẹ̀ ni pé ènìyàn kò pọ̀ níbẹ̀, pé gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀ ni yóò kó kúrò, tí ìjọba yóò sì san owó gbà-má-bínú fún wọn tàbí kí ó tún ilé kọ́ fún wọn. Nígbà tí wọ́n wá ka àwọn Gbagyi, Koro, Gade, Gwandara àti àwọn mìíràn tí ń gbé ibẹ̀, wọ́n rí i pé wọ́n pọ̀ ju bí wọ́n ti rò lọ, owó tí yóò ná ìjọba sì pọ̀ ju agbára lọ. Ní ọdún 1978, wọ́n yí èrò padà: àwọn tí ó wà lójú ibi tí wọn yóò kọ́ ìlú sí gan-an ni yóò ṣí, àwọn ìyókù lè dúró. Láti ìgbà náà títí di ìsinsìnyí, ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò kúrò àti ohun tí yóò gbà kò tíì tán nílẹ̀. Kíka ènìyàn àti bíbi wọ́n léèrè ìbá ti ṣáájú òfin. Òfin ni ó ṣáájú wọn.

Àwọn kan wà tí wọn kò fara mọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní ará abúlé kò mọ ìwé àwòrán kà. Wọ́n ní bí a bá bi gbogbo ènìyàn léèrè, iṣẹ́ kò ní í bẹ̀rẹ̀ láéláé, nítorí kò sí ẹni tí ó ń fẹ́ fi ilẹ̀ baba rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní ìjọba ni ó mọ ohun tí ó dára fún gbogbo orílẹ̀-èdè, kò sì yẹ kí abúlé kan dí ọ̀nà iná mànàmáná tí mílíọ̀nù ènìyàn yóò lò.

Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, kò sì yẹ kí a fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìsédò kò lè ṣí kúrò ní ibi tí odò wà. Àmọ́ ìfikùnlukùn kò túmọ̀ sí pé kí abúlé ní agbára láti pa iṣẹ́ orílẹ̀-èdè run. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé kí a sọ ohun tí kò lè yí padà fún àwọn ènìyàn ní tààrà, kí a sì fi èyí tí ó lè yí padà sílẹ̀ ní tòótọ́. Ní ti pé wọn kò mọ àwòrán kà, òtítọ́ ni fún ọ̀pọ̀. Nítorí náà, kí a kọ́ ilé kan ṣoṣo fún àpẹẹrẹ, kí àwọn obìnrin dáná nínú rẹ̀, kí àwọn àgbà jókòó sí gbàgede rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ohun tí ó ń dùn wọ́n. Ògiri kan tí a wó nínú ilé àpẹẹrẹ kò ná ohunkóhun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹgbẹ̀rún ilé tí kò sí ẹni tí yóò gbé inú wọn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n, wọ́n ní, ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Bí a bá fẹ́ béèrè, ó ní bí a ti í béèrè. Ọ̀nà tí àwọn ìjọba ti mọ́ lára láti ayé àwọn Òyìnbó amúnisìn ni pé kí aláṣẹ wá pẹ̀lú ọkọ̀, kí ó bá ọba tàbí baálẹ̀ sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, kí ó gba obì, kí ó sì lọ kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ará ìlú ti fọwọ́ sí i. Ọba tọ́ sí ọ̀wọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà. Ṣùgbọ́n kò sí ọba tí ó ń pọn omi, kò sì sí baálẹ̀ tí ó ń yan ẹja. Àwọn obìnrin ni ó mọ bí kànga ti jìnnà tó àti ibi tí èéfín ń fẹ́ sí. Àwọn ọ̀dọ́ ni yóò gbé inú ilé náà pẹ́ jù. Àwọn àlejò tí wọ́n ń dá oko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ni ó sì sábà máa ń pàdánù jù, nítorí owó gbà-má-bínú a máa gba orí wọn kọjá lọ sọ́dọ̀ onílẹ̀. Fulani darandaran tí ó máa ń gba ibẹ̀ kọjá ní ẹ̀ẹ̀rùn náà ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Bí a kò bá bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀, kí a má sọ pé a bá abúlé sọ̀rọ̀.

Èdè pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Ìpàdé tí a fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe, tí ògbufọ̀ kan wá ń sọ ìdákan-ìdákan nínú rẹ̀ fún àwọn ènìyàn, kì í ṣe ìpàdé. Àkókò náà ṣe pàtàkì: kí a má pe àgbẹ̀ sí ìpàdé nígbà ìkórè, kí a sì wá ní kò fìfẹ́ hàn. Ohun tí ó sì ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé kí ẹni tí ó béèrè padà wá. Kí ó sọ pé, ẹ̀yin ni ẹ ní kí a fi àká kún un, a ti fi kún un. Ẹ̀yin ni ẹ ní kí a sún ọ̀nà sí apá kejì, a kò lè sún un nítorí àpáta wà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn lè gba bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣàlàyé. Ohun tí ó ń bí wọn nínú ni kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, kí a sì lọ láìpadà wá.

Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, pé kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ènìyàn. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ nítorí ìlò gbogbogbòò, ó gbọ́dọ̀ fi tó ẹni tí ó ń lò ó létí. Ó sì gbọ́dọ̀ san owó ilé àti irúgbìn tí ó wà lórí rẹ̀. Òfin kan náà fi ààyè sílẹ̀ pé a lè fún ẹni tí ilé rẹ̀ lọ ní ilé mìíràn síbòmíràn dípò owó. Ní ọdún 1992, òfin méjì mìíràn tún jáde. Ọ̀kan dá lórí ètò ìlú àti agbègbè, èkejì sì dá lórí yíyẹ ìpalára tí iṣẹ́ ńlá lè ṣe fún àyíká wò. Àwọn méjèèjì ni ó fi ààyè sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti sọ èrò wọn kí ìpinnu tó wáyé. Nítorí náà, ará abúlé tí ó ń béèrè pé kí a bá òun sọ̀rọ̀ kò tọrọ àánú. Ohun tí òfin fún un ni ó ń béèrè. Ṣùgbọ́n òfin tí ó wà nínú ìwé kò lè rìn lọ sí abúlé fúnra rẹ̀. Ìwé ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kò ṣe àǹfààní kankan fún ẹni tí ń gbé ibi tí ó jìnnà sí ọ́fíìsì náà tí kò sì mọ ìwé kà.

Àwọn ará abúlé pàápàá ní iṣẹ́ tiwọn láti ṣe. Kí wọ́n wá sí ìpàdé tí a bá pè. Kí wọ́n yan àwọn tí yóò gba ẹnu wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n má yan ẹni tí yóò ta ọ̀rọ̀ wọn fún owó àpò ara rẹ̀. Kí wọ́n má sáré kọ́ ahéré sí ilẹ̀ ní òru ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ pé ìjọba ń bọ̀ wá ka ilé, nítorí irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí àwọn aláṣẹ máa fojú ọ̀lẹ àti olè wo gbogbo abúlé. Kí wọ́n má sì béèrè ohun tí àpò orílẹ̀-èdè kò lè gbé. Ẹni tí ó bá sọ òtítọ́ nípa ohun tí ó ní ni ó lè béèrè gbogbo rẹ̀ padà láìtijú.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ṣì ní ilé púpọ̀ láti kọ́. Ìlú ń gbòòrò wọ inú abúlé lójoojúmọ́, ọ̀nà tuntun ń là, èbúté tuntun ń dìde. Kí wọ́n máa kọ́lé lọ, nítorí àwọn ènìyàn nílò ilé. Ṣùgbọ́n kí ó tó di pé ayàwòrán gbé rúlà rẹ̀ sórí ìwé, kí ẹnì kan kọ́kọ́ lọ jókòó ní àgbàlá abúlé náà láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, kí ó wo ibi tí wọ́n ń gún oúnjẹ sí, ibi tí wọ́n ń kó ẹran sí, ibi tí àwọn àgbà ń jókòó sí, kí ó sì béèrè ìdí rẹ̀. Ọjọ́ kan náà kò lè pa iṣẹ́ náà lára, ó sì sàn kí iṣẹ́ fi ọjọ́ kan pẹ́ ju kí ó fi ọdún méje dúró bí ti Tema.